Omi Àlejò ní Abà Sàlàkọ́

Bí ènìyàn bá kí Kánsílọ̀ Dúrótìmí Sàlàkọ́ pé ẹ káàárọ̀, kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ dúró, yóò gbójú sókè bí ẹni tó ń wá ìdáhùn lára àjà, lẹ́yìn náà ni yóò wá mi orí. Láti ìgbà tí wọ́n ti dìbò yàn án sí kánsù ló ti kọ́ ìdúró yẹn. Kó tó dìgbà náà, akọ̀wé ni nílé ìra-kòkó kan ní Ìkirè, kíá ló sì máa ń dá ènìyàn lóhùn bíi gbogbo ayé. Pẹ̀lú ìdúró náà ló kó gbólóhùn kan wálé tó fẹ́ràn ju iyán lọ: "A ó gbé e yẹ̀ wò." Orùlé ilé ìwé ń jò, a ó gbé e yẹ̀ wò. Òjò wọ́ afárá lọ, a ó gbé e yẹ̀ wò. Ìyàwó rẹ̀, Fọláwùmí, wá sọ fún un lọ́jọ́ kan pé iyọ̀ ti tán nílé, ọkùnrin náà gbójú sókè.

"A ó gbé e yẹ̀ wò."

"Ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò kí ọbẹ̀ tó jiná o, Bàbá Fúnmilọ́lá," ni obìnrin náà wí, ó sì lọ tọrọ iyọ̀ nílé kejì.

Ẹ̀bá títì ni Abà Sàlàkọ́ wà, láàárín Ìkirè àti Àpòmù. Bàbá bàbá Dúrótìmí ló tẹ̀ ẹ́ dó nígbà tó ti ìhà Ògbómọ̀ṣọ́ wá gbin kòkó. Odò kan tí kò ju kí ọmọdé fò ó lọ ló pààlà láàárín wọn àti Abà Ràímì, níbi tí àwọn mùsùlùmí ará Àpòmù ń gbé. Abà méjèèjì ń fẹ́ ọmọ ara wọn, wọ́n ń bá ara wọn sìnkú, wọn ò sì lè rí ohun tuntun lọ́dọ̀ ara wọn kí oorun kùn wọ́n. Nígbà tí kánsù kọ́ ṣáláńgá gbogboògbò sí Abà Ràímì, odidi oṣù kan ni àwọn ará Abà Sàlàkọ́ fi ń wí pé ẹni tó bá mọ igbó bàbá rẹ̀ dáadáa kò nílò ilé fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù náà ni wọ́n ránṣẹ́ sí Kánsílọ̀ wọn pé kó bá wọn bèèrè tiwọn.

Ṣáláńgá kọ́ ni Dúrótìmí gbà wá. Kànga ni. Ọdún tó ṣáájú òmìnira nìyẹn, kánsù pinnu pé abà kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá títì yóò ní kànga onísìmẹ́ńtì. Nígbà tó kan ibi tí wọn yóò gbẹ́ ẹ sí, àwọn obìnrin ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ oko, nítòsí Ìsun, orísun omi wọn àtijọ́, níbi tí ewé kókò kì í ti í rọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Dúrótìmí ní rárá, iwájú ilé òun ni, lẹ́bàá títì.

"Ta ló fẹ́ rí i nínú igbó lọ́hùn-ún?" ló bèèrè.

"Àwa tá a fẹ́ pọn ọ́n," ni Fọláwùmí dáhùn.

Ṣùgbọ́n lójú Dúrótìmí, ẹni tó ń pọn omi kọ́ ló ń dìbò fún ènìyàn lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tó bá rí kànga láti inú ọkọ̀ Gbọ̀ngán ló ń dìbò. Iwájú ilé náà ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Inú oṣù Ọ̀wàrà ni, òjò ń rọ̀ tọ̀sán tòru, ilẹ̀ ò sì tíì jìn tó gíga ọkùnrin kan tí omi fi ń sun lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Gbogbo abà hó yè. Kí sìmẹ́ńtì etí kànga tó gbẹ, Dúrótìmí fi ìka ara rẹ̀ kọ ọ́ sí i pé D. SÀLÀKỌ́, KÁNSÍLỌ̀. Ó kọ ọ́ kó tóbi, ó sì kọ orí rẹ̀ sí ọ̀nà títì.

Nínú oṣù Ṣẹrẹ, kànga Abà Ràímì gbẹ. Mọ́nsúrù Ràímì, télọ̀ kan tó jẹ́ kánsílọ̀ fún wọn, dìde ní ìpàdé kánsù láìtijú kankan.

"Alága, kànga tiwa ti gbẹ. Ẹ̀rọ̀fọ̀ ló kù nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá."

Dúrótìmí ì bá jókòó, kò sẹ́ni tó pè é sí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ó ti wọ agbádá tuntun wá, kò sì tíì rí ìdí tí yóò fi dìde.

"Alága," ló wí, ó gbójú sókè, "ohun rere tí wọ́n bá fún ènìyàn, ìtọ́jú ló kù. Ní ti Abà Sàlàkọ́, kànga wa ò tiẹ̀ tíì gbọ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn ti dé."

Gbogbo ilé ìpàdé rẹ́rìn-ín, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mọ́nsúrù tún fìlà rẹ̀ dé.

"Ọlọ́run á jẹ́ kó má gbọ́ ọ, Kánsílọ̀," ló wí jẹ́jẹ́.

Kó tó di ìpàdé tó tẹ̀ lé e, kànga náà gbọ́.

Nígbà tí kórobá àkọ́kọ́ gbé iyanrìn gòkè dípò omi, Dúrótìmí rán ẹnìkan lọ ra páànù, ó fi bo ẹnu kànga, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ó ní ìmọ́tótó ni. Ó so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ṣéènì tó wà lára wẹ́sìkóòtù rẹ̀, níbi tí àwọn mìíràn ń so aago mọ́. Àwọn awakọ̀ tó ń kọjá ń tọ́ka sí kànga tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ tì, wọ́n ń wí pé omi ibẹ̀ á mà mọ́ o.

Àwọn obìnrin sì padà sí Ìsun. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, omi Ìsun kì í ṣàn, ṣe ló ń ro díẹ̀díẹ̀ láàárín òkúta, igbá ni wọ́n fi ń gbọ́n ọn. Ẹni tó bá dé yóò gbé òṣùká rẹ̀ sílẹ̀ tẹ̀ lé òṣùká ẹni tó bá níbẹ̀, yóò wá lọ bá iṣẹ́ mìíràn nítòsí, òṣùká yóò máa tò dè é. Bí ìyàwó ọba bá dé, ẹ̀yìn òṣùká tó kẹ́yìn ni yóò gbé tirẹ̀ sí. Lọ́dún yẹn, ìlà òṣùká gùn láti ẹnu Ìsun títí dé ìdí igi obì.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé akódà, ìránṣẹ́ kánsù, gun kẹ̀kẹ́ dé lọ́jọ́ Ajé kan. Ó ní alága ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, òun pẹ̀lú enjiníà kan láti Ìbàdàn, wọ́n fẹ́ wo gbogbo kànga tó wà lágbègbè náà. Kò sọ ìdí rẹ̀, Dúrótìmí náà ò sì bèèrè. Ó ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tó sọ ní ìpàdé ti dé Ìbàdàn, wọ́n sì fẹ́ fi ojú ara wọn rí kànga tí kò gbọ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn dé.

Ó wọlé tọ ìyá rẹ̀ lọ. Ẹfúnkẹ́ ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ, Fọláwùmí sì jókòó tì í.

"Ìyá mi, àlejò ń bọ̀. Láti Ìbàdàn."

"Wọ́n á bá wa láyọ̀," ni Ẹfúnkẹ́ wí. "Kí ni wọ́n ń wá?"

"Kànga."

Ẹfúnkẹ́ ju òkúta kan nù láàárín ẹ̀wà. "Kànga wo, Àjàní?" ló fi oríkì pè é.

"Kànga tó wà níwájú ilé nì."

"Ó ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n á rí i. Orúkọ rẹ wà lára rẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa gbà wọ́n lálejò."

Fọláwùmí fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyá mi, ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Bí enjiníà bá ju kórobá sínú rẹ̀ tó gbé iyanrìn bọ̀, ojú ta ni yóò tì? Mọ́nsúrù á gbọ́. Àwọn ará Ìkirè á gbọ́. Àlejò á sọ̀kalẹ̀ nínú oòrùn, á bèèrè omi, a ò ní ní i láti bù fún un."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló wọ̀ wọ́n lára. Ẹ̀sín Dúrótìmí, Dúrótìmí ló ni ín. Ṣùgbọ́n kí àlejò dé abà kó má rí omi mu, ẹ̀sín òkú àti alààyè nìyẹn. Ẹfúnkẹ́ dẹ́kun ẹ̀wà ṣíṣà.

"Ọ̀rọ̀ tó o kọ́kọ́ sọ ò kàn mí," ló wí. "Èyí tó o wá sọ yìí kàn mí. Lọ pe Àmọ̀kẹ́ wá."

Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni Àmọ̀kẹ́. Láti Ìkirè-Ilé títí dé Àpòmù, kò sí ẹni tó mọ ilẹ̀ ilé rẹ́ tó o. Amọ̀ ọ̀gán, èyí tí ikán kọ́ jọ lóko, ló máa ń gún pọ̀ mọ́ ẹ̀bọ́tọ màlúù, ilẹ̀ tó bá sì fi rẹ́ ò ní fa omi mu bí wọ́n da ìkòkò kan sí i. Wọ́n so okùn mọ́ ọn níbàdí, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sínú kànga. Ó rẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì rẹ́ ara rẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Wọ́n ń pè é láti òkè pé kó máa gòkè bọ̀, ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, òun ò tíì ṣe é tán.

"Ta ló máa wo ibẹ̀, Àmọ̀kẹ́?" ni Fọláwùmí bèèrè.

"Èmi tí mo rẹ́ ẹ ti wò ó," ni ohùn dáhùn láti inú ilẹ̀.

Nígbà tí amọ̀ gan, gbogbo obìnrin abà bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi láti Ìsun dà sí kànga. Ilé ò rí omi wẹ̀, ewúrẹ́ ń ké, wọ́n ń pọn ọ́n. Dúrótìmí dúró lẹ́bàá títì, bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ yóò ní kí wọ́n gbé ìkòkò pamọ́ sẹ́yìn ilé. Nígbà tó di ọjọ́bọ̀, omi ń dán nísàlẹ̀ kànga bí ẹyinjú.

Enjiníà náà, Ọládipọ̀ lorúkọ rẹ̀, kéré lọ́jọ́ orí, bàtà rẹ̀ kún fún eruku. Kò wo agbádá ẹnikẹ́ni. Ó ju okùn sísàlẹ̀, ó wò ó, ó wá ní kí wọ́n fún òun lómi mu. Ẹfúnkẹ́ fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ gbé igbá fún un, nítorí omi àlejò ni. Ó mu ún tán, ó tún gba sí i.

"Omi yìí dùn, Màmá."

"Ẹ mu ún, ọmọ mi. Ó ṣe é mu."

Dúrótìmí ń dúró de ìyìn. Enjiníà nu ẹnu, ó kọjú sí alága.

"Alága, ibí yìí ti dín iṣẹ́ mi kù. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo la ní fún gbogbo apá ibí, èyí tó máa ń lu àpáta dé ibi tí omi kì í gbẹ láéláé. Ibi tí kànga bá ti gbẹ là ń gbé e lọ. Kó máa lọ sí Abà Ràímì."

Àwọn obìnrin tó ti kúnlẹ̀ kí àlejò ò dìde. Fọláwùmí wo ọkọ rẹ̀. Ẹfúnkẹ́ náà wò ó. Ó ṣì lè sọ ọ́ nígbà náà, ẹnu rẹ̀ tiẹ̀ là díẹ̀. Ṣùgbọ́n alága ti na ọwọ́ láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Kánsílọ̀, òótọ́ lẹ sọ ní ìpàdé." Dúrótìmí gbójú sókè. Kò sí àjà níbẹ̀, ojú ọ̀run lásán ni.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba," ló wí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n gbé oúnjẹ rẹ̀ fún un, wọ́n kí i, kò sí ẹni tó bá a jà. Ìyẹn ló burú. Fọláwùmí tí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá alága sọ̀rọ̀.

Ọ̀sán gangan ni ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ náà gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá. Ó gùn, irin orí rẹ̀ ń kan ẹ̀ka igi, àwọn ọmọ Abà Sàlàkọ́ sì ń sáré tẹ̀ lé e, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún omi ẹlòmíràn. Nígbà tí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lulẹ̀ ní òdìkejì odò, gbì, gbì, kọ́ọ̀pù ń mì lórí tábìlì Kánsílọ̀. Ó ti fèrèsé, ó sì ń gbọ́ ọ síbẹ̀.

Omi tú jáde ní Abà Ràímì. Wọ́n ri pọ́ǹpù mọ́ ọn. Kànga Dúrótìmí náà, oòrùn ti lá gbogbo omi inú rẹ̀ tán, ó ti tún fi páànù bò ó. Àwọn obìnrin abà rẹ̀ gbé òṣùká, wọ́n gba orí odò kọjá. Àwọn ti Abà Ràímì ti ń retí wọn.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tí kànga yín ò gbọ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ṣé ẹ wá fún wa níròyìn rẹ̀ ni?"

"Tiwa ló dùn jù," ni Àmọ̀kẹ́ dáhùn, ó gbé òṣùká rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlà. "A wá fi tiyín bù ú là."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ẹfúnkẹ́, tó tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú akèrègbè kékeré, kò bá wọn rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn bo ojú títí ó fi kàn án láti pọn.

Ìborùn yẹn ni Dúrótìmí rí nígbà tí ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Ó bọ́ agbádá sílẹ̀, ó lọ bá enjiníà níbi tí wọ́n ti ń palẹ̀ ẹ̀rọ wọn mọ́. Bó bá jẹ́ pé àwọn méjì péré ló wà níbẹ̀, ì bá sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n Mọ́nsúrù wà nítòsí, òun pẹ̀lú àwọn èrò tó wá wo pọ́ǹpù.

"Ọ̀gá Enjiníà, kànga wa ọ̀hún… ó gbẹ lánàá."

"Lánàá? Gbogbo omi tí mo rí yẹn?"

"Ẹ̀ẹ̀rùn ni, sà."

Ojú enjiníà náà yí padà. Ó ní ilẹ̀ tó bá ń gbé omi bẹ́ẹ̀ yẹn kì í gbẹ lọ́jọ́ kan, ìṣòro kan ni yóò wà nísàlẹ̀, àfi kí òun rí i. Ó gbé dígí kan jáde nínú ọkọ̀. Wọ́n jọ gba orí odò, àwọn èrò tẹ̀ lé wọn, àwọn ará Abà Sàlàkọ́ jáde pàdé wọn. Dúrótìmí ṣí kọ́kọ́rọ́.

Enjiníà fi dígí mú oòrùn, ó sì darí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sínú kànga. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Ilẹ̀ ibẹ̀ ti gbẹ, ó ti sán. Ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé kò lẹ́wà. Láti àárín títí dé etí, ipa ìka márùn-ún yí po, ó tẹ̀ kọrọdọ, ó tún yí padà pàdé ara rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é sí pálọ̀ olówó tó bá fẹ́ gbéyàwó. Kò sí ibi kan tí ọwọ́ ti yẹ̀.

"Ta ló rẹ́ ilẹ̀ inú kànga?" ni enjiníà bèèrè.

Bàbá arúgbó kan láti Abà Ràímì, Àmúsà, tí kò mọ ohun tó ń lọ, tún bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa.

"Há, iṣẹ́ Àmọ̀kẹ́ nìyí," ló wí tìdùnnú-tìdùnnú. "Bó ṣe ṣe pálọ̀ tèmi gẹ́lẹ́ nìyí nígbà tí mo fẹ́ sọmọ lórúkọ. Àmọ̀kẹ́, ọwọ́ rẹ ò níí rọ o."

Àmọ̀kẹ́ fi ọwọ́ náà pamọ́ sábẹ́ ìró. Enjiníà gbé dígí kúrò, kànga ṣókùnkùn.

"Omi tí ẹ fún mi mu ńkọ́, Màmá?"

Ẹfúnkẹ́ ti kúnlẹ̀. "Omi Ìsun ni, ọmọ mi. Èmi ni mo ní kí wọ́n…"

"Ẹ dìde, ìyá mi," ni Dúrótìmí wí. Kò gbójú sókè lọ́tẹ̀ yìí. Etí kànga ló ń wò, níbi tí orúkọ rẹ̀ wà. "Èmi ni. Kànga wa ti gbẹ tipẹ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n bu omi sí i. Mo rò pé ẹ fẹ́ wá yìn mí ni."

Bí ẹnìkan bá ti rẹ́rìn-ín, ì bá sàn fún un. Mọ́nsúrù tilẹ̀ ń wo bàtà ara rẹ̀, bí ẹni tó ṣèèṣì bá ọmọlúàbí níhòòhò.

"Gbọ̀ngán ni ẹ̀rọ yìí ń lọ lọ́la," ni enjiníà wí nígbà tó yá. "Wọ́n ti ń retí rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn Gbọ̀ngán…" Ó pa dígí mọ́ sápò. Kò ní ẹ̀gàn kankan lọ́kàn, bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe máa ń sọ ọ́ ló ṣe sọ ọ́. "A ó gbé e yẹ̀ wò, Kánsílọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Fọláwùmí ń gbé òṣùká rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti gbé péèlì méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà wò ó.

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Omi."

Kò bá a jiyàn. Wọ́n gba orí odò. Nígbà tí wọ́n dé ìdí pọ́ǹpù, Fọláwùmí gbé òṣùká sí ẹ̀yìn ìlà, ọkọ rẹ̀ sì gbé péèlì sí ẹ̀yìn òṣùká, ó dúró láàárín àwọn obìnrin, kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí.

Mọ́nsúrù rí i láti orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó dìde, ó wọlé, ó gbé àga jáde fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ló bu omi sínú kọ́ọ̀pù gíláàsì tí wọ́n ń fi gba lèmọ́mù lálejò, ó fi abọ́ gbé e.

"Ẹ káàbọ̀, Kánsílọ̀. Ẹ jókòó, ẹ kọ́kọ́ mu omi."

Dúrótìmí fẹ́ sọ pé òùngbẹ ò gbẹ òun. Ṣùgbọ́n Mọ́nsúrù ti tẹ̀ ba díẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e, a kì í sì í kọ omi àlejò. Ó jókòó. Gbogbo ìlà òṣùká náà ń wò ó. Ó gba omi, ó mu ún títí ó fi tán.

Omi náà tutù, ó sì dùn. Ó ní kí wọ́n bu díẹ̀ sí i fún ìyàwó òun.